Ibo Ni Omi Ti Ń Wọlé? Ṣíṣírò Àtúnṣe Ilé Àtijọ́ Kí A Tó Rà Á

(Orin ìbẹ̀rẹ̀ rọlẹ̀.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí rédíò yín sókè díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ owó ńlá la fẹ́ sọ lónìí.

Bí ilẹ̀ ṣe wọ́n báyìí, tí sìmẹ́ǹtì náà ń gun òkè lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbèrò àtikọ́ ilé tuntun mọ́. Ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́ láti ogójì tàbí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń wá kiri. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ n'Íbàdàn wa yìí. Ní ìsàlẹ̀ ìlú, láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba, alámọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Ní Old Bódìjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1959, búlọ́ọ̀kù ni, àgbàlá sì fẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá rí ọ̀kan rà lówó tó dára, kò ṣi ọjà rà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iye tí wọ́n pe ilé kọ́ ni iye tí ilé máa ná yín.

Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé àwọn tó fẹ́ ra ilé máa ń dé ibẹ̀, wọ́n á rí ọ̀dà tó ti ṣí, ilẹ̀kùn tí kò pa dé, táìsì tó fọ́ nínú balùwẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà lórí ìyẹn. Ọ̀dà àti ilẹ̀kùn kì í pa ẹnikẹ́ni lówó. Àwọn àbùkù tó ń jẹ owó gan-an kì í pariwo, omi ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: omi òjò tó ń gba òrùlé wọlé, omi ilẹ̀ tó ń gun ògiri, omi balùwẹ̀ tó ń rin inú dẹ́kìn. Torí náà, ní iwájú àbùkù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí, ẹ bi ara yín pé: omi wo ló ṣe èyí, ibo ló sì ti wọlé? Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ẹ má tíì kọ iye kankan sílẹ̀, nítorí ojú egbò lásán lẹ ń ṣírò, ẹ kò tíì dé ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ẹ má dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ máa wo páànù. Ẹ ní kí wọ́n gbé àkàbà wá, kí kápẹ́ńtà yín wọ inú àjà lọ ní ọ̀sán gangan. Kò ní kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì. Inú òkùnkùn ni yóò dúró sí, kí ó máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń yọ wọlé. Ibẹ̀ ni òjò náà ń gbà. Lẹ́yìn ìyẹn kí ó tan tọ́ọ̀ṣì, kí ó sì mú ìṣó gígùn kan, kí ó máa fi gún àwọn igi, pàápàá níbi tí igi ti jókòó lé ògiri. Bí ìṣó bá wọlé láìlo òòlù, omi tàbí ikán ti jẹ inú igi náà tán. Ṣùgbọ́n kí ẹ má kánjú dá igi àtijọ́ lẹ́bi o. Nínú púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí, ìrókò tàbí ìdìgbò ni wọ́n fi ṣe òrùlé, ikán kì í sì í rí ìrókò jẹ bọ̀rọ̀. Bí igi bá ṣì le, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ páànù nìkan. Kápẹ́ńtà tó bá ní dandan ni kí ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ẹ ní kí ó fi ibi tó ti jẹrà hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tí ẹ máa lọ rà ní ọjà pákó Bódìjà lónìí lè má lágbára tó èyí tí ẹ fẹ́ jù nù.

Nínú yàrá, ẹ wo àjà. Àbàwọ́n tó ní òrùka kan, ó lè jẹ́ pé òjò wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti tún un ṣe. Àbàwọ́n tó ní òrùka lórí òrùka ń sọ fún yín pé òjò ń wọlé lọ́dọọdún, ẹni tó ni ín sì ń fọwọ́ bò ó. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun àjà yàrá kan ṣoṣo nínú gbogbo ilé, yàrá yẹn gan-an ni kí ẹ pẹ́ sí jù.

Tí a bá wá débi owó òrùlé, ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ilé tó fẹ̀ ní mítà 12, tó gùn ní mítà 14. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sikúwià mítà 168. Òrùlé máa ń yọ kọjá ògiri ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ká sọ pé 0.6 mítà. Ìyẹn sọ ọ́ di 13.2 lọ́nà 15.2, èyí tó lé díẹ̀ ní 200. Òrùlé kì í sì í tẹ́ pẹrẹsẹ, ńṣe ló ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dà ní dígírì 30, ẹ ó fi 1.155 sọ ọ́ di púpọ̀, á sì di bíi 231. Ẹni tó fi 168 ṣírò páànù ti jin sí kòtò pẹ̀lú sikúwià mítà tó lé ní 60, kí a má tíì sọ èyí tí wọ́n máa gé dànù. Ẹ tún béèrè bí páànù ṣe nípọn tó. Alumíníọ̀mù 0.45 mìlímítà àti 0.55 kì í ṣe iye kan náà, wọn kì í sì í pẹ́ bákan náà. Kápẹ́ńtà tó mú owó tó kéré jù wá, ó lè jẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́ ló ní lọ́kàn tí kò sọ.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ nípa àwọn ilé ìgbà náà. Àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi bo àwọn kan, òun ni wọ́n sì fi ṣe àjà nínú ọ̀pọ̀ mìíràn. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ tí kò sán, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fi òòlù fọ́ ọ tàbí tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ ni eruku rẹ̀ ń jáde, eruku yẹn sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, títí dórí jẹjẹrẹ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi rin ín kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí wọ́n fi ọ̀rá nínípọn dì í, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sì bo imú pẹ̀lú ìbòmú tó yẹ, kì í ṣe aṣọ pélébé. Kò gbọdọ̀ sí ọmọdé nítòsí. Gbogbo èyí ń gba àkókò àti owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó yá, ká sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ògiri. Ẹ fi ọwọ́ kan ògiri láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n orókún. Ṣé ó tutù? Ṣé ọ̀dà ń wú, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù lára rẹ̀? Omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri yẹn, torí pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọn kò fi nǹkan dí omi lọ́nà láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri. Bíríkìlà á ní kí ẹ jẹ́ kí òun ha á, kí òun tún un rẹ́. Tó bá tún un rẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò dán títí òjò ọdún tó ń bọ̀, á sì tún wú. Owó yẹn ti wọ omi nìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ yí ọ̀nà omi padà níta: gọ́tà tó ń ṣàn, ilẹ̀ tó dà kúrò lára ilé, òrùlé tí kò da omi sí ìdí ògiri. Nígbà mìíràn iṣẹ́ ìta yìí nìkan á dín ọ̀rinrin náà kù, owó rẹ̀ sì máa ń kéré sí títún ògiri rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ilé alámọ̀ yàtọ̀. Ògiri amọ̀ máa ń mí. Omi ń wọ inú rẹ̀, ó sì ń jáde. Nígbà tí a bá fi sìmẹ́ǹtì líle bò ó lójú, omi tó bá gba ibì kan wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ inú á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, sìmẹ́ǹtì òde á sì dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ fi ìka kan án. Bó bá dún gbọ̀ngbọ̀n, ó ti yà kúrò lára amọ̀. Tó bá jẹ́ pé apá kan ògiri ló ń dún bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ṣì wà. Bí gbogbo ògiri ìsàlẹ̀ bá ń dún, tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì wà lórí rẹ̀, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á gẹ́gẹ́ bí ilé. Kí ó rà á gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀, kí ó sì yọ owó wíwó rẹ̀ kúrò nínú owó ilẹ̀ náà.

Ẹ tún jáde sí títì, kí ẹ wo ilé láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ títì ni wọ́n ti da ọ̀dà lé lórí léraléra láti ọdún wọ̀nyí wá, títì ti ga, ilé kò kúrò níbi tó wà. Ilé tó ga ju títì lọ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ti wá wà nínú kòtò báyìí. Kò sí ọ̀dà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ ní láti gbé ilẹ̀ inú ilé ga, èyí tó túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn àti fèrèsé á yí padà, àjà á sì sún mọ́ orí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi dé nígbà omíyalé. Ní Ìbàdàn, ọdún méjì ni kí ẹ dárúkọ fún wọn: 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya ní ìparí oṣù kẹjọ, àti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà á fi ìlà omi hàn yín lára ògiri ju bí ẹ̀jẹ́ńtì ṣe máa sọ ọ́ lọ. Ẹ̀jẹ́ńtì ní owó tirẹ̀ tó ń retí, kò sì burú, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ní ti ògiri tó sán, ẹ mú káàdì ATM àti lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé dání. Ibi tó sán bí irun orí, tí etí káàdì kò wọ̀, tó sì jẹ́ lójú ìrẹ́ nìkan, ọ̀dà àti ìrẹ́ á tún un ṣe. Èyí tí káàdì wọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò. Èyí tí lẹ́ẹ̀dì lè wọ̀, tó ń gba ojú ògiri méjèèjì, tó dà gẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí tó ń gun búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, ìpìlẹ̀ ló ń rìn. Kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà mọ́, ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, ni kí ẹ pè. Ẹ tún wo bóyá wọ́n ti dí i rí, tó sì tún lanu lójú ibi tí wọ́n dí. Ìyẹn fi hàn pé kò tíì dúró, ilé náà ṣì ń rìn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ilé ní Bódìjà àti àyíká rẹ̀, ìbéèrè kan tún wà fún yín. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù kan bú ní òpópó Dejo Oyelese, ó sì mi ilé púpọ̀ títí dé ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan wó, àwọn kan sán, wọ́n sì ti tún ọ̀pọ̀ ṣe láti ìgbà náà. Kò sí ohun tó burú nínú ilé tí wọ́n tún ṣe dáadáa. Ẹ kàn béèrè pé: kí ni ìbúgbàù náà ṣe sí ilé yìí, ta ló sì tún un ṣe? Ẹni tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rárá, tí ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀ sì ní òrùlé tuntun, kí ẹnjiníà yín wo igun fèrèsé gbogbo.

Dẹ́kìn ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù. Bí kọnkéré bá ń já bọ́ lábẹ́ dẹ́kìn tí irin sì ń yọjú, omi ti wọ ọ̀dọ̀ irin. Ìpẹtà ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, wíwú rẹ̀ ló ń ti kọnkéré jáde. Tí wọ́n bá kàn fi sìmẹ́ǹtì bò ó padà, irin á máa jẹrà lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà lókè ibẹ̀. Balùwẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ páìpù rẹ̀ ti ń jò fún ọdún mẹ́wàá. Ẹnjiníà lè mú òòlù ìdánwò tó ń ta padà lára kọnkéré wá, kí ó mọ bí kọnkéré ṣe le tó, láìfọ́ nǹkan kan. Owó àyẹ̀wò yẹn, ẹ san án, kódà bí ẹ kò bá ra ilé náà mọ́. Ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti sàmì sí ilé náà rí. Ilé alájà mẹ́ta tó wó ní Ìta Fàájì l'Ékòó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, wọ́n ti sàmì sí i fún wíwó tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà lè bo àmì, kò lè tún ilé ṣe.

Ti iná, mo máa sọ ọ́ ní ṣókí. Wáyà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, ẹ má tún apá kan rẹ̀ ṣe, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi í síbẹ̀, gílóòbù mélòó kan àti rédíò ló ń gbé. Ẹ̀yin fẹ́ fi AC mẹ́ta sí i. Ẹ tún wo orúkọ tó wà lórí bíìlì iná àti gbèsè tó wà lórí mítà, kí ẹ má lọ jogún gbèsè àjèjì. Ti omi ẹ̀rọ, ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pọ̀. Omi pupa tó kọ́kọ́ jáde ń sọ pé páìpù onírin ti jẹrà nínú. Ẹ da omi garawa mẹ́rin sí ilé ìyàgbẹ́, kí ẹ dúró wò ó bóyá yóò lọ. Bí kò bá lọ, ẹ béèrè ibi tí sòkàwéè wà. Ó lè jẹ́ abẹ́ bọ́yìs kọ́tà tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ni, nígbà náà òmíràn ni ẹ máa gbẹ́, ibo sì ni àyè rẹ̀?

Ó ku owó. Ẹ má ṣe mú kápẹ́ńtà mẹ́ta kí wọ́n máa dárúkọ iye láti orí. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé kan náà ni kí wọ́n sì fi iye sí, kí owó ohun èlò wà lọ́tọ̀, kí owó iṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́tọ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù lè jẹ́ ẹni tó fo nǹkan. Iye yẹn kì í pẹ́ kó tó yí padà; ẹ kọ déètì sí i.

Ká wá fi àpẹẹrẹ ṣe é, iye ìṣirò lásán ni o, kì í ṣe iye ọjà. Ilé kan, mílíọ̀nù 50 náírà ni wọ́n pè é. Òrùlé mílíọ̀nù 9, wáyà 3, omi àti sòkàwéè 2.5, iṣẹ́ ìta àti ìrẹ́ 2. Ó jẹ́ 16.5. Ilé àtijọ́ kì í sọ gbogbo àṣírí rẹ̀ kí wọ́n tó tú u, torí náà ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni èmi máa ń fi lé e, kì í ṣe mẹ́wàá. Ìyẹn 3.3. Àpapọ̀ di 19.8. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í ṣe rèé: wọ́n á yọ 19.8 kúrò nínú 50, wọ́n á ní 30.2 ni àwọn máa san, ẹni tó ń tà á á lé wọn jáde, á sì jàre, torí ó ti lè rò ó pé ilé òun kò dára kó tó pe 50. Ibòmíràn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wádìí iye tí ilé irú rẹ̀, ní àdúgbò yẹn kan náà, tó wà ní pípé, ń lọ. Ká ní 65 ni. Ẹ yọ 19.8, ó ku 45.2. Ẹ tún yọ owó ilé tí ẹ máa san níbi tí ẹ ń gbé fún oṣù tí iṣẹ́ máa gbà. Ibẹ̀ ni òkè yín. Ẹ má kọjá rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé iwájú ẹni tó ń tà á, ẹ má gbé gbogbo ìwé náà jáde. Kíṣíìnì tí ẹ fẹ́ yí padà nítorí ó wù yín, ọ̀dà tí ẹ máa kùn bó ti wù kó rí, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ fi òrùlé, wáyà àti dẹ́kìn han án, pẹ̀lú fọ́tò àti iye tí oníṣẹ́ kọ. Ó sàn kí ẹ mú nǹkan mẹ́ta tí kò lè jiyàn ju ogún tó máa bí i nínú, pàápàá tó bá jẹ́ ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹ rántí pé ilé bàbá ni ẹ ń bú níwájú ọmọ. Bó bá jẹ́ ọmọ púpọ̀ ló ni ín, kí lọ́yà yín rí ìwé ìfọwọ́sí gbogbo wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lórí ẹnjiníà rárá.

Bó bá ní òun máa tún un ṣe fún yín kí ẹ tó san owó, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má gbà. Ẹni tó ń kúrò nílé kò ní lo páànù 0.55. Ẹ ní kí ó yọ owó rẹ̀, kí ẹ̀yin bá oníṣẹ́ tiyín sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àdéhùn pẹ̀lú bíríkìlà la máa sọ: ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé, àti iye tí ẹ kò gbọdọ̀ san kí iṣẹ́ tó parí.

(Orin gòkè.)